Àṣìṣe Tí Mo Gbọ́ Nínú Ìkùukùu

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí mọ̀ pé n kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò sì yọ ẹyọ kan kúrò. Olùkọ́ wa máa ń sọ pé àròkọ tí ó dára gbọ́dọ̀ ní adùn, ṣùgbọ́n n kò wá adùn sí èyí rárá. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Yàrá tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà ní Yábàá títí di òní, àga tí mo jókòó lé ṣì wà nínú rẹ̀, àwọn mẹ́ta tí wọ́n sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi wà láàyè. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè, ohun kan náà ni wọn yóò sọ, àfi níbì kan ṣoṣo. Ibì kan ṣoṣo yẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Mo rántí ìgbà tí mo wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama, tí mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Muṣin lọ sí Yábàá ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Sátidé láti lọ wa bàálù. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yẹn lè dà bí irọ́. Bàálù tí mo ń wí kò ní ìyẹ́, kò sì ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ni ó tò ó sínú yàrá tí ó háyà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àga iwájú ọkọ̀ kan tí ó ti fọ́ ni ó fi ṣe àga awakọ̀. Bàbá mi ni ó bá a wá a rí ní ọjà Ládìpọ̀, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ta gíábọ́ọ̀sì. Ojú kọ̀ǹpútà ńlá kan ni ó dúró bí fèrèsé iwájú bàálù, èyí tí ó kéré sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ó ń fi àwọn aago hàn: aago tí ó ń sọ bí a ṣe ga tó, aago tí ó ń sọ ibi tí a dojú kọ, àti aago tí ó ń sọ bí a ṣe ń yára sí. Bí mo bá ti jókòó sínú àga yẹn, tí mo gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ borí, n kì í rántí pé ọmọ Muṣin ni mí mọ́. Mo tilẹ̀ máa ń fi ohùn imú sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí nísinsìnyí bí mo bá rántí ohùn imú yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́ jù lọ ni bí a ṣe ń balẹ̀ nígbà tí awakọ̀ kò rí nǹkan kan. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, funfun báláú ni gbogbo fèrèsé máa ń rí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nísàlẹ̀, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí ó jókòó síwájú ẹ̀rọ rédà. Lójú ẹ̀rọ yẹn, bàálù kò ju àmì ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan lọ. Ẹni náà yóò máa wo àmì yẹn, yóò sì máa bá awakọ̀ sọ̀rọ̀: yí sí ọ̀tún díẹ̀, yí sí òsì díẹ̀, sọ̀ kalẹ̀, títí ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà lé yóò fi yọ nísàlẹ̀ ìkùukùu. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran fi gbogbo ara rẹ̀ lé ẹni tí ó ń fọhùn lọ́wọ́. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo rò pé kò sí ohun tí ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó ń fọhùn bí ẹni rédà. Ní ọjọ́ kan, a gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn gbàgbà. Bàbá onílé ni, arúgbó kan tí ó ń gbé nísàlẹ̀, tí irun orí rẹ̀ funfun bí òwú. Ẹ̀gbọ́n ti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó wọlé tán, nítorí ó rò pé ẹjọ́ ariwo ni.

"Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá yìí?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà. Ẹ má bínú, a máa dín in kù."

"Ta ló ní kí ẹ dín in kù? Irọ́ ló ń pa, ohun tí mo wí nìyẹn. Kò sí ọmọ rédà tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kiri búrẹ́dì báyẹn."

Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé bàbá onílé ti lo ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ nídìí ẹ̀rọ rédà, ní pápákọ̀ òfurufú kan lókè Ọya, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kò jókòó, kò mu omi. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n pa ohùn kọ̀ǹpútà náà, kí ó sì wá àyè fún òun. Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, Ẹ̀gbọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà kejì sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó fi aṣọ ìkélé gé ibẹ̀, kí n má baà máa rí ojú ẹni tí ó ń darí mi. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Rédà ni a ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Lójú rẹ̀, Bàbá ni.

Ìwà ọmọlúwàbí ni ó kọ́kọ́ pa mí. Nílé wa, bí àgbà bá sọ̀rọ̀, kíá ni ọmọ ń dáhùn. Ẹni tí ó bá dákẹ́, ó rí i fín ni. Nítorí náà, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá ń darí mi, gbogbo ohun tí ó bá wí ni mo ń tẹ bọ́tìnì dá lóhùn. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ní, "Ẹ̀ẹ́n, sà." Ó ní kí n yí sí ọ̀tún, mo ní, "Mo ti yí i, sà, ẹ ṣé, sà." Mo ṣì ń dúpẹ́ nígbà tí bàálù já sínú ọ̀sà.

Aṣọ ìkélé ṣí, orí funfun yọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o ń dá mi lóhùn?"

"Ẹ̀yin lẹ ń bá mi sọ̀rọ̀, sà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí mo bá tẹ bọ́tìnì láti fọhùn, ohùn òun ń gé, n kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. "Nígbà tí o ń kí mi," ni ó wí, "mo ń sọ fún ọ pé omi ló wà níwájú rẹ." Ó kọ́ mi pé nígbà tí a bá ṣì jìnnà, mo gbọ́dọ̀ tún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí òun bá pè pè, kí òun lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sún mọ́lé, tí òun bá ti sọ pé kí n má fọhùn mọ́, kí n pa ẹnu mi dé, kí n máa ṣe ohun tí mo bá gbọ́. Mo kọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta. Ó wọ̀ mí lára débi pé ìyá mi rán mi níṣẹ́ nílé lọ́jọ́ kan, mo dìde, mo ṣe iṣẹ́ náà láìfọhùn. "Ṣé wọ́n ti gé ahọ́n rẹ ní Yábàá ni?" ni ìyá mi bi mí. Mo rò pé mo ti di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́.

Ní àsìkò náà ni ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù kan kéde pé wọn yóò gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́ọ̀mù wọn kò le láti kọ, ṣùgbọ́n òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọn yóò sì tì í. Bàbá mi ti pinnu tipẹ́ pé nọ́ọ̀sì ni èmi yóò ṣe. Ó ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi sínú àpò gbárìyẹ̀ rẹ̀.

"Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí," ni ó wí. "Màá tẹ̀ lé ọ dé Yábàá ní Sátidé. Bí o bá gbé e balẹ̀ lójú mi, màá fọwọ́ sí i. Bí o kò bá gbé e balẹ̀, fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì ni a ó gbà."

Sátidé náà, lẹ́yìn ìrun Àsárì, bàbá mi gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú mi. Aṣọ tí ó wọ̀ ti ọjà bọ̀ ni ó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì kún yàrá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Rédà, ó sì pè é ní Bàbá bí èmi náà ṣe ń pè é. Ó kọ̀ láti jókòó. Ẹ̀yìn àga mi gan-an ni ó dúró sí, ó di orí àga náà mú bí ẹni tí ó wọ ọkọ̀ tí ó kún.

Bàbá Rédà ni ó yan pápákọ̀ tí a ó lò, ọ̀kan tí òkè pọ̀ ní ìlà oòrùn rẹ̀. Àwòrán ọ̀nà rẹ̀ wà lórí bébà lórí orúnkún mi. Mo ti fi bírò pupa yí ibì kan po lórí bébà náà: kí bàálù kankan má ṣe wá sísàlẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà títí yóò fi kọjá àwọn òkè yẹn. Mo gbà pé Bàbá náà ní tirẹ̀ lẹ́yìn aṣọ. Ẹ̀gbọ́n tan ẹ̀rọ, fèrèsé iwájú mi sì di funfun.

"Yí sí òsì. Méjì, méje, òdo."

"Òsì. Méjì, méje, òdo."

Ohùn Bàbá tutù bí ó ṣe máa ń tutù. Mo yí i títí aago tí ó ń sọ ibi tí a dojú kọ fi dé nọ́ńbà náà. Bàbá mi ń mí sí mi lórí. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan náà wí pé:

"Sọ̀ kalẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún méjì ẹsẹ̀ bàtà."

Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo wo bébà orí orúnkún mi, mo rí bírò pupa. A kò tíì dé ibi òkè, ká má tilẹ̀ wí pé a ti kọjá rẹ̀. Mo sì la ẹnu mi, mo tẹ bọ́tìnì, mo wí pé, "Ẹgbẹ̀rún méjì, sà," mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ni mo ń rò láàárín ìṣẹ́jú tí ó tẹ̀ lé e. Mo rò pé Bàbá ń rí ohun tí n kò rí. Mo rò pé ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí bàbá mi tó gbé ìyá mi níyàwó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rò jù ni pé bàbá mi dúró sẹ́yìn mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin yìí, báwo ni èmi yóò ṣe la ẹnu sọ pé ó ti ṣì í? Aago gíga ń yí lọ sílẹ̀. Ìka mi wà lórí bọ́tìnì, kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n dé ẹgbẹ̀rún méjì, funfun iwájú mi di àwọ̀ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo aago sì dúró.

"Ṣé ó ti balẹ̀ nìyẹn?" ni bàbá mi bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Rárá, sà. Ó ti kọlu òkè."

"Òkè wo? Òkè dà?"

Bàbá Rédà jáde láti ẹ̀yìn aṣọ. Ó dúró síwájú mi.

"Kí ni ìwé rẹ wí?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, sà."

"Kí ni mo wí?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì, sà."

"O mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

Ó mi orí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ ni," ni ó wí, ó sì padà sẹ́yìn aṣọ.

Ti bàbá mi ni ó bà mí lẹ́rù jù. Ó ti kúrò lẹ́yìn àga, ó dúró síwájú mi, ó ń na ìka sí mi lójú. Láti ìgbà tí a ti bí mi, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

"O mọ̀?" ni ó wí. "O mọ̀ pé òkè wà níbẹ̀, o sì ń wò ó? Ṣé o rí ibi tí mo dúró sí? Ẹ̀yìn rẹ ni mo dúró sí! Ká ní bàálù gidi ni ńkọ́? Wàá pa mí nítorí pé o ń bọ̀wọ̀ fún àgbà?"

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fọ́ọ̀mù náà, bí a ṣe ká a, ó sì nà án sí mi láìfọwọ́ sí i. Ọwọ́ mi kò tíì kàn án nígbà tí Bàbá Rédà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ.

"Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe."

Ẹ̀gbọ́n wọ ẹ̀yìn aṣọ lọ láti tún ẹ̀rọ rédà tò. Mo tẹ̀ lé e nítorí wáyà ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ mi gba abẹ́ tábìlì yẹn kọjá, ó sì ti yọ. Ibẹ̀ ni èmi pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n ti rí bébà tí ó wà níwájú Bàbá. Kì í ṣe ti pápákọ̀ tí a ń lò. Ti ibòmíràn ni, ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí ẹgbẹ̀rún méjì sì tọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n wò mí. Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Bàbá ń nu awò ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù. Ẹ̀gbọ́n ki wáyà náà bọ ibi tí ó yẹ, àwa méjèèjì sì jáde.

A tún bẹ̀rẹ̀. Funfun tún bo fèrèsé. Bàbá mi padà sẹ́yìn àga. Méjì, méje, òdo. Mo tún un pè. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un tán pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́, kò lè tún sọ ẹgbẹ̀rún méjì.

"Sọ̀ kalẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún méjì ẹsẹ̀ bàtà."

Ohùn kan náà, bí ẹni pé a kò sọ nǹkan kan rí. Mo tẹ bọ́tìnì.

"Rárá."

N kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí ẹni tí ó ní irun funfun lórí rí. N kò tilẹ̀ rántí fi "sà" sí i.

"Rárá. N kò ní sọ̀ kalẹ̀. Òkè wà níwájú mi. Mo dúró lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

Bàbá mi di àga mú débi pé ó dún. Láti ẹ̀yìn aṣọ, mo gbọ́ bébà tí ó ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí i wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mí nígbà mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ohùn náà padà, ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

"Ó dára. Dúró síbẹ̀."

Nọ́ńbà kan kò ṣì mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó mú mi kọjá àwọn òkè, ó mú mi sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n má fọhùn mọ́, mo sì dákẹ́. Ọ̀tún díẹ̀. Òsì díẹ̀. Ìkùukùu fà ya, ojú ọ̀nà yọ, iná rẹ̀ tò lọ ní ọ̀tún àti ní òsì. N kò gbé e balẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ bàálù kan gun orí koríko kí ó tó padà sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó balẹ̀. Bàbá mi gbé fọ́ọ̀mù náà lé ẹ̀yìn àga níbi tí ó ti dì í mú, ó sì fọwọ́ sí i. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wọ́ bí ti ọmọdé.

Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Bàbá Rédà kọjá lára mi, ó fi ọwọ́ kàn mí lórí, ó ní, "O ṣeun." Ó sì di ògiri mú bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ní Bàbá mọ ohun tí ó ń ṣe látòkèdélẹ̀, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ mú bébà tí kì í ṣe tibẹ̀ kí a lè rí i ni, pé ẹlòmíràn kò lè kọ́ mi ní ohun tí ó kọ́ mi lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ní rárá. Ó ní òun gbọ́ bébà tí ó ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́, ẹni tí ó mọ ibi tí ó ń lọ kì í sì í wá ọ̀nà. Èmi kò mọ èyí tí mo lè gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá nísàlẹ̀, mo ní, "Bàbá, nọ́ńbà tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ yẹn..." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Nọ́ńbà wo?" Ó sì bi mí bí ìdánwò mi ṣe ń lọ. Mo ní ó ń lọ dáadáa, sà.

Ilé ẹ̀kọ́ náà gbà mí. Inú ibùgbé wọn ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ kan sọ fún wa pé awakọ̀ tí ó bá gbọ́ àṣìṣe gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́, ẹni yòówù kí ó sọ ọ́. Ó bèèrè pé ta ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú wa. N kò nawọ́. Òtítọ́ ni pé mo kọ̀ ọ́ fún ohùn kan lẹ́yìn aṣọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí ó ni ohùn náà, n kò lè sọ gbólóhùn mi parí.

Ẹ̀gbọ́n pè mí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ní àwọn ọmọbìnrin méjì ti ń wá sọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ Sátidé báyìí, pé wọ́n já fáfá, wọ́n sì ní ẹ̀kọ́ ilé, pé gbogbo ohun tí Bàbá bá wí ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn yóò wọ bàálù gidi láìpẹ́. Mo bi í bóyá ó ti bá Bàbá sọ ọ̀rọ̀ bébà. Ó ní, "Ìwọ náà mọ̀ pé òun ló nilé." Mo bi bàbá mi. Ó ní òun kọ́ ni yóò lọ máa yẹ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà wò ní Yábàá. Mo ti mú fóònù lọ́wọ́ láti àárọ̀, nọ́ńbà Bàbá sì wà lójú rẹ̀. Bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é lóòótọ́, àfojúdi ni ìbéèrè mi yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun ṣì í, ta nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò sọ fún un?